Táwúlà Níwájú Ilé Wa ní Tíṣígù

Láàárọ̀ Sunday, tí òórùn òrí tí àwọn obìnrin Dàgòmbà ń sè bá ti gba gbogbo àdúgbò wa, Tíṣígù, kan, mo mọ̀ pé táwúlà, ayò orí pátákó, ti délẹ̀ níwájú ilé wa nìyẹn. Òmìnira Gánà ṣì tuntun nígbà náà. Aṣọ ni bàbá mi ń tà, ará Síríà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn ló kọ́ wọn ní ayò náà: dáìsì méjì bíi ti lúdò, ọmọ ayò dúdú àti funfun, kálukú ń kó tirẹ̀ relé. Ọmọ tó bá dá dúró, wọ́n lè pa á, á sì tún ìrìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Lójú mi, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ta tó bàbá mi. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn a máa pariwo pé, "Alájì, wallahi, ẹ ò ṣeé bá ta!" Orí mi á sì wú.

Nígbà tí bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi lẹ́yìn ilé-ìwé, kò pẹ́ rárá. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, ojú mi ti ń ríran ṣáájú ọwọ́ mi. Bàbá mi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé, "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀." Àṣé ọgbọ́n náà ló máa kó bá mi. Mo jókòó tì wọ́n ní Sunday kan, mo wá rí i pé bàbá mi ò mọ̀ ọ́n ta. Wọ́n á fi ọmọ sílẹ̀ gbangba, ọ̀rẹ́ wọn á ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ojú tì mí bíi pé aṣọ já lára wọn láàárín ọjà.

Mo sáré lọ bá ìyá mi nídìí kóósé, àkàrà tó ń dín. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "O ò mọ̀ ni? Baálé ilé kì í pàdánù níwájú ilé ẹ̀. Ta ló máa jẹ obì ẹni tán, táá tún dójú tini?"

Sunday tó tẹ̀lé e, bàbá mi pè mí síwájú àwọn àlejò. "Ràmá, wá bá mi ta. Jẹ́ kí wọ́n rí ọmọ tí mo bí."

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ borí nígbà tí ọ̀rọ̀ ìyá mi sọ sí mi lọ́kàn. Mo sún ọmọ mi kan síta, mo fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Bàbá mi ju dáìsì, iye tí wọ́n fi máa pa á gan-an ló sì jáde. Wọn ò pa á. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá tẹ̀ sọ́dọ̀ mi, wọ́n sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí àwọn àlejò má baà gbọ́: "Haba, Ràmá. Ìwọ náà?"

Bàbá mi ti mọ̀ tipẹ́ pé ńṣe làwọn ọ̀rẹ́ wọn ń jẹ́ kí wọ́n borí. Kí wọ́n lè rí ẹnì kan tó máa bá wọn ta á tòótọ́ ni wọ́n ṣe kọ́ mi. Ilẹ̀ ì bá lanu, ǹ bá wọ̀ ọ́. Wọ́n pa pátákó náà dé, wọ́n ní oòrùn ti mú jù.

Mo ti dàgbà ju bàbá mi ìgbà yẹn lọ báyìí. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ní àdúgbò Kalpohin ń bá mi ta táwúlà, èmi náà ni mo sì ń borí ṣáá. Ojú mi ò tíì fọ́, mò ń rí ọmọ ayò tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ fún mi. Bàbá mi láyà, wọ́n bi mí léèrè. Èmi kì í bi àwọn ọmọ-ọmọ mi. N ó pa ọmọ ayò náà, n ó sì máa rẹ́rìn-ín.