Èérí Ọkà Tí Mo Dà Fún Ewúrẹ́

Láàárọ̀ àná, Pẹlají, ọmọ ọmọ mi, gbé páálí méjì ka iwájú mi. Ọkà gbígbẹ ni wọ́n dì sínú wọn, irú èyí tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń da wàrà lé lórí. Ó fẹ́ já Ọlá, ọmọ rẹ̀, lẹ́nu ọmú. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi mú èyí tó máa ṣe é lóore." Mo gbé ọ̀kan, mo mì í. Ó dún ṣàràṣàrà, bí ìgbà tí ìyá mi bá ń fẹ́ ọkà bàbà lórí atẹ, ni ọkàn mi bá lọ sọ́dọ̀ Ṣàbí, àbúrò mi, tí a sin lójò ọdún yìí.

Ní agboolé wa ní Plateau, lápá ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, ìyá mi kì í fi ọkà àárọ̀ ṣeré. Á kọ́kọ́ fi eyín gé hóró kan wò kó tó rà á lọ́wọ́ Ìyá Yẹmí. Bí kò bá le dáadáa, a ti kọjá nìyẹn, Ìyá Yẹmí á sì máa sọ lẹ́yìn wa pé inú ọkà òun ni eyín obìnrin yìí máa tán sí.

Lọ́dún tí wọ́n já Ṣàbí lẹ́nu ọmú, ibà mú un, ó sọ ọ́ di egungun lásán. Ìkórè sì dé, ìyá mi ní láti lọ sóko ní Sakin fún ọ̀sẹ̀ kan. Bóyá ni mo tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tó fi ọmọ náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní ọkà bàbà pupa ni kí n lọ̀, kí n má sẹ́ ẹ, kí n sè é pẹ̀lú ẹ̀pà lílọ̀, torí bí wọ́n ṣe ń se é fún ọmọ tó ń ti àìsàn bọ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Ìyá Ràfíátù, aládùúgbò wa tó wá láti Nàìjíríà, ń ta ògì tó funfun bí òwú, gbogbo ilé ló ń yìn ín. Tèmi tó pọ́n, tó rí ṣákaṣàka, ń tì mí lójú. Mo fi aṣọ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo da èérí rẹ̀ fún ewúrẹ́ Bàbá Wọ̀rú, mo wá fi iyọ̀ òyìnbó, ìyẹn ṣúgà, sínú ẹ̀kọ náà dípò ẹ̀pà. Ṣàbí ń lá ṣíbí. Mo rò pé mo ti gbọ́n ju ìyá mi lọ. Àmọ́ kí oòrùn tó ga, á ti tún máa sunkún. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹfà, kò lè dá jókòó mọ́.

Ìyá mi dé. Ó wo àwọn ewúrẹ́ tí èérí pupa yí ẹnu wọn ká, ó gbé Ṣàbí, ó ń fi ìka ka egungun ìhà rẹ̀.

"Ewúrẹ́ ń sanra, ọmọ ń rù. Ẹnu rẹ̀ lo bọ́, o ò bọ́ ara rẹ̀."

Kò nà mí. Ìbá sàn kó nà mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó mú mi jókòó sídìí ọlọ. Mo ń lọ̀, òun ń sè, a jọ ń bọ́ ọmọ náà díẹ̀díẹ̀. Kí ọyẹ́ tó dé, Ṣàbí ti ń lé adìẹ kiri. Ó dàgbà, ó dáko sí Okpara, ó bímọ méje. "Ẹ̀gbọ́n mi tó fi oúnjẹ mi sin ẹran Bàbá Wọ̀rú" ló máa ń pè mí lójú àlejò. Kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rọ ló ń lọ ọkà báyìí, ìwé ara páálí ló sì ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Pẹlají kà á fún mi, torí Faransé rẹ̀ ju ìwé tí mo kà lọ. Nínú ọ̀kan, iyọ̀ òyìnbó ló tẹ̀ lé ọkà. Nínú èkejì, wọ́n ti bó èérí ọkà dànù. N kò bú ẹni tó ṣe é. Èmi náà ti ṣe é rí. A gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a se ọkà bàbà.

Ọlá tu ṣíbí àkọ́kọ́ dànù, ó gba èkejì. Ó jẹ ẹ́ tán, ó sùn. Pẹlají ní kí n lọ sinmi. Mo jókòó ti Ọlá títí ó fi jí, kí n lè mọ̀ bóyá ebi á tún máa pa á.