Ẹrù Kì Í Dé Ọgbà Mẹkáníìkì

Abẹ́ ọkọ̀ ni Àsíátù ti bá Jímọ̀ ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló rí.

"Bàbá Jàmíátù, ẹ̀kọ yín ti tutù."

"Mò ń bọ̀."

Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Àsíátù gbé ẹ̀kọ náà lé orí táyà àlòkù kan, ó wọlé.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Jímọ̀ ti ń wa ọkọ̀ ní Ìlá, kò sì pa adìyẹ ẹnikẹ́ni rí. Bọ́lẹ̀kájà ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó wa ọkọ̀ akóyanrìn, ó kó kòkó lọ sí Èkó fún ọdún mẹ́ta, ó ní ariwo Èkó pọ̀ jù, ó padà wálé. Kì í bá èrò jà. Bó bá fẹ́ yà lójú ọ̀nà, á yọ ọwọ́ síta, bí iná ọkọ̀ tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1992 ni Alhaja Bàrákátù, tó ń ra iṣu ní Ọ̀rà tó ń tà á ní Iléṣà, ra píkọ́ọ̀pù funfun kan. Tuntun ni. Ọ̀rá ṣì wà lára àga rẹ̀ nígbà tí ó gbé kọ́kọ́rọ́ fún Jímọ̀. Oṣù kẹrin rèé, ọkọ̀ kò fẹ́ dúró mọ́.

Láàárín ìlú, ó ń dúró. Bí kò bá sí ẹrù nínú rẹ̀, ó ń dúró. Ṣùgbọ́n kòtò kékeré lásán, á fò bí ewúrẹ́, orí Jímọ̀ á kan òrùlé. Bí iṣu bá sì kún ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wọ Ìgbájọ, imú ọkọ̀ á dorí kodò, ẹ̀yìn á máa tì í lọ, òórùn ohun tó ń jóná á máa ti táyà iwájú jáde. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, Jímọ̀ tẹ bíréèkì títí ó fi wọlẹ̀ pátápátá. Ọkọ̀ ń lọ. Obìnrin kan ń bọ̀ níwájú, ó ru igi ìdáná. Jímọ̀ yí ọkọ̀ wọ oko ẹ̀gẹ́. Obìnrin náà dúró pẹ̀lú igi lórí, ó ń wò ó. Kò sí ẹni tó fara pa. Iṣu tó fọ́ lé ní ọgọ́ta.

Alhaja kò pariwo. Èyí ló ba Jímọ̀ lẹ́rù.

"Jímọ̀, ọkọ̀ tuntun ni o."

"Ìyá, bíréèkì rẹ̀ kò dára."

"Mẹkáníìkì mẹ́ta ló ti wò ó. Gbogbo wọn ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Bóyá ẹsẹ̀ tìrẹ ló ti gbó." Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Di ọjọ́ Sátidé. Bí o kò bá rí ohun tó ṣe é, Ìbráhímù á gba kọ́kọ́rọ́."

Ọmọ àbúrò Alhaja ni Ìbráhímù. Ọwọ́ kan ló fi máa ń wa ọkọ̀.

Láti ọjọ́ náà Jímọ̀ kò lè jókòó pẹ́. Bó bá ń jẹun, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ á máa tẹ ilẹ̀. Bó bá ń kírun, kò mọ iye rákáà tó ti kí. Ó pààrọ̀ páàdì bíréèkì iwájú. Ó da ọ́ìlì bíréèkì tuntun sí i, ó fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde. Ó tú ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó dá a padà. Ó dìde, ó rìn yí ọkọ̀ ká, ó tún wọ abẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbó, ta ni yóò tún gbé kọ́kọ́rọ́ fún un ní Ìlá? Bí Ìbráhímù bá sì fi ọwọ́ kan wa ọkọ̀ yìí sọ̀ kalẹ̀ ní Ìgbájọ ńkọ́?

Láàárọ̀ Àlàmísì náà, kò jẹ ẹ̀kọ tí Àsíátù gbé lé orí táyà. Ó wa ọkọ̀ lọ bá Hezekiah, mẹkáníìkì kẹrin. Ìbàdàn ni Hezekiah ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló pọ̀ tí Jímọ̀ kò fi tètè lọ bá a.

"Bàbá Jàmíátù! Ẹ ti gbé ìyàwó tuntun yín dé. Kí ló tún ń bínú sí?"

"Kò fẹ́ dúró."

"Ẹ má lé e ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Jímọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Hezekiah gba kọ́kọ́rọ́, ó wà á lọ, ó wà á bọ̀.

"Bíréèkì yìí dára o."

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín ń wí."

"Ìgbà wo gan-an ni kì í dúró?"

"Bí iṣu bá kún inú rẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò kó iṣu náà wá?"

Jímọ̀ wò ó bí ẹni pé orí rẹ̀ dàrú. A kì í kó ẹrù lọ sí ọgbà mẹkáníìkì. Ẹrù la kọ́kọ́ ń sọ̀. A ó gbá ẹ̀yìn ọkọ̀, nígbà mìíràn a ó fọ̀ ọ́, bí ẹni ń gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Awakọ̀ tó bá di ẹrù lọ bá mẹkáníìkì, ọ̀lẹ ni.

Àwọn bíríkìlà ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Hezekiah bẹ̀ wọ́n, wọ́n yá a ní búlọ́ọ̀kù. Òun àti Jímọ̀ to àádọ́ta sẹ́yìn ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ abẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Jímọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀.

"Ẹ wá wo nǹkan."

Jímọ̀ dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Búlọ́ọ̀kù àádọ́ta. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣì nàró. Ta ló fi irin kún sípíríǹgì yìí?"

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà dé, kó tó ru iṣu kan ṣoṣo, Jímọ̀ fúnra rẹ̀ ló wà á lọ bá alágbẹ̀dẹ tó fi irin pẹlẹbẹ méjì kún sípíríǹgì rẹ̀ lọ́tùn-ún, méjì lósì, kó lè ru ẹrù púpọ̀. Bí a ti ń lu etí ọmọbìnrin ni wọ́n ń ṣe é fún píkọ́ọ̀pù ní Ìlá. Mẹkáníìkì mẹ́ta ti rí irin náà, ojú wọn kò dúró lára rẹ̀.

Hezekiah fi ìka kan nǹkan kékeré kan, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ ibi táyà ẹ̀yìn.

"Èyí ló ń wọn ẹrù. Bí ẹrù bá tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀, ọ̀pá yìí á gbéra, á ní kí bíréèkì ẹ̀yìn mú dáadáa. Bí ẹ̀yìn bá ga, á ní kó rọra, kí táyà má bàa yọ̀. Ẹ wá fi irin gbé ẹ̀yìn sókè títí láé. Ọkọ̀ yìí ò mọ̀ pé òun ru ẹrù. Iwájú nìkan ló ń dá iṣẹ́ ṣe, ó sì ń jóná."

"Gbogbo ọkọ̀ tí mo ti wà rí ni mo ṣe é fún."

"Àwọn yẹn ò ní ọ̀pá yìí. Ìran tuntun ni èyí." Hezekiah nu ọwọ́ rẹ̀. "Bí ẹ bá fẹ́, mo lè sọ fún Alhaja pé páìpù kan ló dí."

Jímọ̀ na ọwọ́ kan irin náà.

"Jẹ́ ká tú u."

Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà nílẹ̀. Jímọ̀ kó wọn lọ sí ilé Alhaja nínú àpò sìmẹ́ńtì, ó dà wọ́n sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyá, kì í ṣe ẹsẹ̀ mi. Kì í sì í ṣe àwọn tó ṣe ọkọ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi èyí kún un." Ó ṣàlàyé rẹ̀ bí ó ti yé e.

Alhaja fi ẹsẹ̀ yí irin kan padà. "Ta ni kì í fi kún un?"

"Kò sí."

"Iṣu mélòó ni yóò máa gbé wàyí?"

"Bí ìdajì. Ó lè lé díẹ̀."

"Ìdajì!" Ó fi ẹsẹ̀ ti irin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Kó ìdajì náà ní Sátidé. Èmi fúnra mi ń bá ọ lọ. Ìbráhímù náà ń bọ̀."

Ní Sátidé, Alhaja jókòó síwájú, Ìbráhímù wà lórí iṣu lẹ́yìn. Láti Ìlá títí wọ́n fi dé góńgó òkè, ọ̀rọ̀ iye owó iṣu ní Iléṣà ni Alhaja ń sọ. Bí ojú ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà sísàlẹ̀ sí Ìgbájọ, ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú.

Jímọ̀ tẹ bíréèkì. Ẹ̀yìn ọkọ̀ rọra jókòó. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú ilẹ̀. Ọkọ̀ dúró ṣinṣin lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, tòun tẹrù. Ó gbé ẹsẹ̀, ó jẹ́ kó yí díẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó dúró. Ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ó tó!" ni Alhaja wí. "Ṣé o fẹ́ kí n bì ni?"

Ìbráhímù gbá òrùlé ọkọ̀ láti ẹ̀yìn. "Bàbá Jàmíátù, kí ló dé? Ṣé kí n wá gbà á?"

Alhaja yọ orí síta.

"Jókòó síbi tí o wà," ló wí. Ó yíjú sí Jímọ̀. "Wà á lọ. Oòrùn ti ń mú."