Má-Tíì-Sítáàtì àti Takisí Tó Mu Omi

Má-tíì-sítáàtì là ń pe ìyá mẹkáníìkì tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé wa. Orúkọ náà bá a mu. Bí ọkọ̀ bá ti inú àgbàrá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ló ń kọ́kọ́ gbà, kó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Lẹ́yìn náà ni yóò tú orí bátìrì.

Lọ́jọ́ tí òjò sọ òpópónà di odò, takisí àbúrò ọkọ rẹ̀ ni wọ́n wọ́ dé. Omi ti bo iná iwájú, ẹ́ńjìnnì sì kú sínú ẹ̀. Ọkọ̀ yìí nìkan ló ń bọ́ ọkùnrin náà, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta. Awakọ̀ yìí ní kí wọ́n fún òun ní kọ́kọ́rọ́ padà, òun fẹ́ dán an wò.

“Ìyàwó, ọkọ rẹ ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀.”

“Mo gbọ́, ọkọ mi. Nílé, ẹ̀yin lọ̀gá. Níbí, ẹ jókòó sórí táyà yẹn.”

A rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó.

Ìyá fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì ti dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ó bi í bóyá ó ti gbìyànjú láti sítáàtì ẹ̀ lẹ́yìn tó kú.

“Ẹ̀ẹ̀kan ni.”

“Ẹ̀ẹ̀kan tòótọ́?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta.”

Kò bú u. Ó kàn ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ ṣeé tẹ̀ kó kéré, omi ò gbà; bí wọ́n bá sítáàtì ẹ̀ tòun tomi nínú, irin inú ẹ́ńjìnnì ló máa wọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti fagbára mú ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ yìí!

Ó tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ki sípánà bọ nọ́ọ̀tì iwájú ẹ́ńjìnnì, ó dijú, ó ń fọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀. Mi ò rí irú sùúrù bẹ́ẹ̀ rí. Omi tú pùà láti ojú ihò púlọ́ọ̀gì sára ṣẹ́ẹ̀tì awakọ̀. Ìyá tún yí i, kò há níbì kankan.

“Kò wọ́,” ló wí.

Ó da ọ́ìlì náà nù, ó rọ tuntun sí i, ó pààrọ̀ fíltà, ó nu gbogbo orí wáyà gbẹ. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló tó sítáàtì ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó wá dún geere. Awakọ̀ ti fẹ́ wọ inú ọkọ̀, ó ní èrò ń dúró de òun. Ìyá ní bíréèkì ò tíì gbẹ.

Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló lọ gbé jáàkì wá.

“Ìyàwó, táyà wo la máa kọ́kọ́ tú?”