Ìwé Tí A Kà Nídìí Ẹ̀gẹ́

Ní àgbàlá wa ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀, bí ènìyàn bá ti wọlé tó kí wa pé ẹ kú iṣẹ́, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni, "Ibo lẹ kà á dé?" Àlejò tí kò mọ̀ wá á rò pé kéwú là ń sọ, tàbí pé a ní ìdánwò lọ́la. Kò sí ìdánwò kankan. Ìwé tó dùn là ń kà, a sì ń kà á nítorí pé ó dùn. Mo ti ṣàlàyé èyí fún àwọn ènìyàn títí ó fi sú mi. Ọkùnrin kan wá ra gààrí lọ́wọ́ mi, ó rí ìwé lórí itan mi, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ tún fẹ́ padà sí lékọ́ọ̀lù ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n fẹ́ fi mí ṣe mínísítà. Ó gbé gààrí rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Télọ̀ ni mí, ṣùgbọ́n ilé gààrí ni ilé ọkọ mi. Láti oko wa ní Masẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ ti ń wá, nínú àpò tí wọ́n dì mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù zẹ́mìjàn. A ó dà á sílẹ̀ lábẹ́ páànù, a ó yí i ká, oníkálukú pẹ̀lú ọ̀bẹ rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ bíbó kì í pariwo, kì í sì í gba ìrònú; ọwọ́ ló ń ṣe é, ẹnu àti etí wà lófo. Àwa mẹ́ta la sábà máa ń wà níbẹ̀: èmi, ìyá ọkọ mi, àti ọ̀dọ́bìnrin kan ní ojúlé kejì tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní lékọ́ọ̀lù. Mẹ̀tírẹ́ẹ̀sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ lèmi náà á ṣe pè é níbí.

Mẹ̀tírẹ́ẹ̀sì kì í ka ohun mìíràn ju ìtàn ìfẹ́ lédè Faransé lọ, àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí èèpo ẹ̀yìn wọn ti ya, tí àwọn olùkọ́ ń yá ara wọn. Nínú èyí tó ń kà lásìkò yẹn, ọkùnrin kan ní mọ́tò funfun àti ilé alájà, a ò sì rí iṣẹ́ kan tó ń ṣe. Mo bi í pé ta ló ń bọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n gbádùn ìwé mi." Yorùbá ni ìwé tèmi. Níbi ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ti mọ̀ ọ́n kà, lẹ́yìn tí mo ti ń bímọ, nítorí Faransé tí wọ́n fi kọ́ mi ní kékeré kò wọ̀ mí lára rí. Ọkọ mi ló ń bá mi ra ìwé bọ̀ láti ẹnubodè. Kì í yẹ inú rẹ̀ wò. Èyí tó bá nípọn jù ló ń mú, ó ní bí òun yóò bá náwó, kí ìwé náà wúwo lọ́wọ́.

Àdéhùn wa ni pé ẹni tó bá ń kàwé kì í bó ẹ̀gẹ́. Àwọn tó kù á bá a bó tirẹ̀. Bó bá kan mẹ̀tírẹ́ẹ̀sì, á máa túmọ̀ Faransé sí èdè wa bó ṣe ń lọ. Ṣùgbọ́n ojú máa ń tì í níwájú ìyá ọkọ mi, nítorí náà ọkùnrin onímọ́tò funfun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kì í ṣe ju kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, kí wọ́n sì bèèrè àlàáfíà ilé. Mo máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi.

Ìyá ọkọ mi kò mọ ìwé, àfi àwọn súrà díẹ̀ tó mọ̀ sórí. Èèyàn tútù ni, ṣùgbọ́n bó bá ti sọ pé rárá, kò sí ohun tó lè yí i padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ kò gbà fún mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí ìwé yìí nídìí ẹ̀gẹ́, tí mo kà pé obìnrin amọ̀kòkò kan wà ní ìlú kan létí odò, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, oòrùn ṣì wà lókè. A kì í pàlọ́ lọ́sàn-án." Kò sí ẹni tí kò mọ èèwọ̀ yẹn lọ́dọ̀ wa, wọ́n ní ìyá ẹni tó bá pàlọ́ lọ́sàn-án kì í pẹ́ láyé. Mo pa ìwé dé. Inú ń bí mi, nítorí kí ni mo fẹ́ rí kà nírọ̀lẹ́? Ọbẹ̀ ń dúró, ọmọ ń dúró, aṣọ oníbàárà ń dúró.

Ó bó ẹ̀gẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó tún gbójú sókè. "Inú ìwé ló wà? Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní kì í ṣe àlọ́ nìyẹn. Ẹnu ni àlọ́ ń gbé. Ohun tó bá wọnú ìwé, ó ti ṣẹlẹ̀ ni. Ta ni yóò jókòó kó máa fi tàdáwà kọ irọ́? Kùránì nìkan ni ìwé tó ti bá pàdé láyé rẹ̀, bó ṣe rí lójú rẹ̀ nìyẹn. Mẹ̀tírẹ́ẹ̀sì lanu láti sọ̀rọ̀, mo fẹsẹ̀ gbún un lábẹ́ agbọ̀n ẹ̀gẹ́. Ọ̀rọ̀ tó ti tún ara rẹ̀ ṣe, kí ló kù tí a fẹ́ tún ṣe níbẹ̀? Mo ṣí ìwé mi padà.

Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun kan nípa ilé wa. Ìyá ọkọ mi ní ọmọbìnrin kan, àbíkẹ́yìn rẹ̀, tó bá oníṣòwò kan lọ sí Gàbọ́ọ̀n. Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, gbogbo ìparí oṣù ló máa ń pe pọtábù ọkọ mi. Nígbà tó yá, ìpè náà dín kù, lẹ́yìn náà nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Oníṣòwò yẹn padà wálé, ó ní àwọn ti pínyà tipẹ́, pé òun gbọ́ pé ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ibòmíràn. Látìgbà náà a ò gbọ́ nǹkan kan, ọdún sì ń gorí ọdún. Ọkọ mi kì í dárúkọ àbúrò rẹ̀ nínú ilé, nítorí ọjọ́ tó bá dárúkọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ kì í jẹun. Bí ọkọ̀ bá dúró lójú títì, ìyá náà á na ọrùn wò ó. Kò mọ̀ bóyá kí òun máa retí ọmọ òun ni tàbí kí òun máa ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Mi ò mọ ohun tó wà nínú ìwé náà nígbà tí mo mú un jókòó. Amọ̀kòkò yìí ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, ọmọ náà sì bá àwọn oníṣòwò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Nígbà tí mo kà débẹ̀, ohùn mi lọ sílẹ̀, mo fẹ́ fò ó. Ìyá ọkọ mi ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ó wọ ọkọ̀. Máa kà á." Láti ọjọ́ náà lọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń bó ẹ̀gẹ́ tèmi, kì í jẹ́ kí mẹ̀tírẹ́ẹ̀sì fọwọ́ kàn án.

Ó sọ amọ̀kòkò náà di aládùúgbò. Bó bá kírun tán, á bá a tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó bú ọkọ obìnrin náà, tó jẹ́ ọ̀lẹ tó sì ń mu ẹmu. Ó ní bí ọkọ mi bá tún lọ sí ẹnubodè, kó bèèrè ìlú náà, bóyá ẹnì kan á mọ ọ̀nà ibẹ̀, kó lè bá òun kí obìnrin náà kú àfaradà. Ọkọ mi wò mí. Èmi náà wo ọ̀bẹ ọwọ́ mi. Ó dá ìyá rẹ̀ lóhùn pé, "Màá bèèrè, Ìyá." Nígbà tí obìnrin kan tó ń ta epo wá láti Oko-Akarẹ̀, tó bèèrè ibi tí a kà á dé, ìyá ló sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ó tiẹ̀ fi èyí tí kò sí nínú ìwé kún un. Ó wá ní, "Ọmọ náà á padà. Ìyá tó ń gbàdúrà tó báyẹn, ọmọ rẹ̀ ò lè ṣàì padà." Gbogbo wa la mọ ọmọ tó ń sọ.

Ní ọ̀sán kan tí oníbàárà kò yọjú, mo ṣí ìwé náà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo kà á kọjá ibi tí a dé. Ọmọ náà ti kú. Ó ti kú kí ìyá rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ dúró létí odò lọ́jọ́ ọjà. Ẹnì kan tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ló mú ìròyìn wá, pẹ̀lú aṣọ ìró ọmọ náà nínú àpò. Mo sunkún níbẹ̀, mi ò ní í parọ́. Lẹ́yìn náà mo bínú sí ẹni tó kọ ọ́. Ì bá jẹ́ kí ọmọ yẹn délé, kí ló máa gbà á? Tàdáwà kan náà ló máa lò.

Mo lọ bá mẹ̀tírẹ́ẹ̀sì. Ó ní, "Ẹ yí i padà, ẹ̀gbọ́n. Ta ló máa mọ̀? Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà dé, kí wọ́n pa àgbò." Mo gbìyànjú rẹ̀ nílé, èmi nìkan, mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé ọmọ dé, ṣùgbọ́n ara mi kọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá kà á bẹ́ẹ̀, ìyá ọkọ mi á gbá yàrá ọmọ rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, á sì jókòó sójú títì. Irọ́ yẹn ju agbára mi lọ. Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Lónìí mo ní aṣọ ìyàwó ló wà lọ́wọ́ mi, lọ́la mo ní ojú ń dùn mí. Ìyá ń bó ẹ̀gẹ́ tirẹ̀, ó ń bó tèmi.

Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ìyàwó, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. O ti kà á tán."

Mo ní rárá.

"O ti kà á tán. Ojú tí o fi ń wò mí, ojú ẹni tó gbọ́ òkú ni. Gbé e wá."

Mo gbé e wá. Kí n tó ṣí i, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹnì kan ló jókòó tó ro gbogbo èyí fúnra rẹ̀. Kò sí amọ̀kòkò níbì kankan. Àlọ́ ni."

Ó wò mí, ẹ̀rín díẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. "Láti ọjọ́ yìí wá, àlọ́ lo ti ń pa fún mi lọ́sàn-án gangan? Kà á, jàre."

Mo kà á. Ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Nígbà tí mo dé ibi ìró, ó ní kí n tún ibẹ̀ kà, mo sì tún un kà. Ó ní, "Amọ̀kòkò rí nǹkan gbà." Ó bó ẹ̀gẹ́ kan tán, ó mú òmíràn. "Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọmọ ẹni kú yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Mo ti ń bínú sí òwe yẹn tipẹ́." Lẹ́yìn náà ó ní a ó ṣe sàráà fún ọmọ náà, nítorí a ti bá a rìn jìnnà, kò sì dáa kí a gbọ́ òkú ènìyàn kí a kàn pa ìwé dé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, a lọ ẹ̀wà, a dín àkàrà, a pín in fún àwọn ọmọdé àdúgbò. Àwọn tó ń kọjá ń bèèrè pé ta ló kú. Mo ní ọmọ ẹnì kan ni, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan sọ ọ́ kí n gbọ́ pé ìwé tí mo ń kà ló ti da orí ìyá ọkọ mi rú. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá fún un lésì tó máa pẹ́ létí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi í sílẹ̀. Àfáà àdúgbò wa dé, bàbá arúgbó kan tó mọ gbogbo ìdílé. Ọkọ mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ẹní, ó dorí kodò. Ojú ń tì í díẹ̀ pé a pe àfáà nítorí ìwé.

Àfáà bèèrè pé kí ni orúkọ òkú, kí sì ni orúkọ ìyá rẹ̀, kí òun lè fi ṣe àdúà.

Orúkọ inú ìwé ti wà lẹ́nu mi. Ìyá ọkọ mi na ọwọ́ dá mi dúró. Ó dá orúkọ ọmọ tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Lẹ́yìn náà ó dá orúkọ ara rẹ̀.

Ọkọ mi gbórí sókè. "Ìyá, a ò tíì gbọ́ pé ó kú."

"A ò gbọ́ pé ó wà," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Jẹ́ kí n sunkún ọmọ mi."

Àfáà yíjú sí ọkọ mi. Ó ń retí kó gbà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọkọ mi tó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú rẹ̀, bí a ṣe ń tẹ́ ẹ fún àdúà. Àfáà bẹ̀rẹ̀, ìyá sì bẹ̀rẹ̀ ẹkún tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé náà. Nígbà tí àdúà dé ibi àmín, ọkọ mi ló kọ́kọ́ ṣe é.