Igbó Tí Mo Ní Kí Wọ́n Ṣán Létí Ìsun

Mo rántí bí ẹ̀rù ṣe bà mí láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè tí ìyá àgbà tí ó ń ṣọ́ ìsun abúlé yọ sí wa lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe, kí ẹ lè mọ̀ pé ẹ̀rù tó bà mí kì í ṣe ẹ̀rù lásán.

Àdúgbò Lotto ní Mowe ni ilé wa wà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè olùkọ́ ni, wọ́n sì rán mi lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní abúlé kan lẹ́yìn Ibogun. Kò sí ẹ̀rọ omi níbẹ̀. Ìsun kan ṣoṣo tó wà nísàlẹ̀ òkè ni gbogbo abúlé ti ń pọnmi, igbó kékeré kan sì yí i ká. Òfin wọn ni pé a kì í gbé àdá wọ igbó náà, a kì í wọ bàtà dé etí omi, ọṣẹ kò sì gbọdọ̀ kàn án. Bí mo bá béèrè ìdí rẹ̀, wọn á ní, “Àńtí, bá a ṣe bá a nìyẹn.” Èmi tí wọ́n ti ń wàásù sí létí láti kékeré pé òrìṣà kò dáa, mo ti dájọ́ lọ́kàn mi pé wọ́n ń bọ nǹkan níbẹ̀. Mi ò tiẹ̀ rí tẹ̀sùbáà tí kì í kúrò lọ́wọ́ ìyá àgbà yẹn. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan kó àwọn ọmọ ṣe iṣẹ́ kan lórí ìtọ́jú àyíká. Ìsun ni mo mú. Nílé tiwa, bí ìyá mi bá rí ewéko kan lágbàlá, ẹni tó kàn láti gbálẹ̀ gbé nìyẹn, nítorí náà ohun tí mo mọ̀ sí ìtọ́jú ni kí ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Lọ́jọ́ Fráìdè, nígbà tí àwọn àgbà wà nírun Jímọ̀, mo kó kíláàsì karùn-ún lọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ dúró, wọn ò wọ igbó náà. Mo ní, “Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ o, omi lásán ni,” mo sì kọ́kọ́ fi àdá ṣán an fúnra mi. Kí ìrun tó parí, a ti ṣán gbogbo rẹ̀, a hú gbòǹgbò, a sì fi ìgbálẹ̀ gbá a. Mo ya fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi, ó ní mo káre. Inú mi dùn délé.

Òjò ńlá rọ̀ ní ọjọ́ Sọ́ńdè. Nígbà tí mo padà dé abúlé láàárọ̀ Mọ́ńdè, àwọn obìnrin ń bọ̀ láti ìsun pẹ̀lú bàsíà òfìfo. Mo sáré lọ wò ó: kò sí ohun tó di ilẹ̀ òkè mú mọ́, iyanrìn àti ẹrẹ̀ ti ya bo ojú ìsun, kò sí omi. Gbogbo abúlé kò ní omi mímu, èmi sì ni mo fà á.

Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi bà mí. Ìyá àgbà kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Ó bi àwọn ọmọ pé, “Ta ló gbé àdá dé ìsun?”

Mo wo ìwé tó wà níwájú mi. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, “Àwa ni, Màmá.” Gbogbo wọn sì tẹ̀ lé e: “Àwa ni.” Kò sí ẹni tó ṣẹ́jú sí mi. Wọ́n ti kọ́ wọn nílé pé ọmọ kì í dójú ti olùkọ́ rẹ̀ ní gbangba. Kí n má purọ́, ara tù mí díẹ̀.

“Ó dáa,” ni ìyá àgbà sọ fún ọmọbìnrin náà. “Ẹ mọ òfin. Ilé yín ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọnmi láti odò ìsàlẹ̀ fún àwọn arúgbó, títí ojú ìsun yóò fi là.” Odò ìsàlẹ̀ jìnnà. Ìyá ọmọ náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo kúnlẹ̀. “Èmi ni, Mà. Mo sọ fún wọn pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.”

“Ta ló sọ fún ọ pé nǹkan kan wà níbẹ̀?” ni ó bi mí. “Igbó ló wà níbẹ̀. Igbó ló ń di ilẹ̀ mú. Ṣé ọmọdé á gbọ́ ìyẹn? Ẹ̀rù la fi ṣọgbà, ìwọ wá fà á tu.”

Láràárọ̀ fún oṣù mẹ́rin gbáko ni mo ń pọnmi fún àwọn arúgbó kí n tó wọ kíláàsì. A kó ẹrẹ̀, a gbin igi. Omi padà, àmọ́ kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, ìyá àgbà ló ń kọ́ kíláàsì mi ní ẹ̀kọ́ àyíká, èmi a sì jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú bírò.

Ọmọbìnrin yẹn ti wà ní yunifásítì báyìí. Ó wá kí mi ní Mowe lóṣù tó kọjá, a rántí ọ̀rọ̀ náà, a rẹ́rìn-ín títí. Ó wá ní, “Àńtí, ká ní màmá mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà yẹn, ṣé ẹ máa sọ?” Mo dìde, mo ní kí n lọ bu oúnjẹ fún un. Ó jẹun tán, ó sì lọ, kò tún bi mí mọ́. Wọ́n ti kọ́ ọ dáadáa nílé.