Ewú Ẹ̀gbọ́n Mi àti Làálì Ọjà Olódò

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní abúlé wa nítòsí Olódò, kò tíì pẹ́ tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn, kò sì sí ẹni tó ń ra àwọ̀ irun nínú ìgò. Síbẹ̀, a mọ irun í kùn. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ má rò pé ọ̀dọ̀ yín ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ewú níwájú orí láti kékeré. Kò ju ìbú ìka méjì lọ, ṣùgbọ́n ó funfun bí òwú. Nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́jọ, ìyá ọkọ rẹ̀ ránṣẹ́ láti Akanran pé àwọn ò ní bomi sí ẹsẹ̀ ìyàwó tó ti darúgbó kó tó wọlé. Ìyàwó tí wọn ò bá sì bomi sí lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ilé bàbá rẹ̀ ló ń padà sí. Inú bí mi débi pé n ò lè jẹun.

Ìyá wa kọ́kọ́ lọ èédú mọ́ àdí, wọ́n fi pa ewú náà. Ó dúdú, ó ń dán. Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ru igi dé láti oko, tí òógùn ti wọ́ èédú dé àgbọ̀n rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbá mi létí.

Ó wá kan ẹ̀lú. Aláró ni ìyá wa, wọ́n gbà pé ohun tó mú aṣọ yóò mú irun. Wọ́n bu aró inú ìkòkò sí ìwọ̀nba irun funfun díẹ̀ létí ewú náà láti fi dán an wò. Wọ́n gbàgbé pé omi eéru ló wà nínú aró. Ó ta ẹ̀gbọ́n mi lórí, irun náà sì dà bí ọrùn ẹyẹlé. Abẹ ni wọ́n fi gé e kúrò.

Obìnrin mùsùlùmí kan tó ń ta làálì lọ́jà Olódò ló là wá lọ́yẹ̀: ká kọ́kọ́ fi làálì sí i, ká wá fi ewé ẹ̀lú gígún lé e, yóò dúdú kirikiri. A fi làálì sí i láàárọ̀, a ṣàn án nírọ̀lẹ́. Irun dúdú ò yí padà rárá, ṣùgbọ́n ewú náà pọ́n bí osùn. Ìyá wa ti ń bu ẹ̀lú nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wo ojú ara rẹ̀ nínú omi.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Báyìí ni mo fẹ́ ẹ.”

Ẹ̀rù ba ìyá wa, ṣùgbọ́n wọ́n gbà fún un. Wọ́n di ṣùkú fún un, ọwọ́ irun pupa kan ṣoṣo gba àárín dúdú lọ sí òkè orí.

Ní Akanran, ìyá ọkọ ṣí ìbòrí ìyàwó, igbá omi lọ́wọ́. Wọ́n wò ó títí. Lẹ́yìn náà wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n da omi náà sí i lẹ́sẹ̀ títí tí igbá fi gbẹ. Ariwo ayọ̀ tí a pa lọ́jọ́ náà, ohùn mi há.

Kò pẹ́ tí àwọn ọmọge Akanran fi ń wá làálì kiri, ṣùgbọ́n irun wọn dúdú jù, kò mú un. Ẹnì kan ṣoṣo ló mú dáadáa: ìyá ọkọ fúnra wọn, tí gbogbo orí wọn ti hewú. Wọ́n jókòó sáàárín ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní kó ṣe tàwọn náà bẹ́ẹ̀.

Ayé ti yí. Lánàá ni ọmọ ọmọ mi ń ṣàlàyé fún mi pé kí pupa tí òun fẹ́ fi kun irun tó lè hàn, wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn bó dúdú irun òun títí yóò fi funfun. Mo rántí ẹ̀gbọ́n mi, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Funfun tí wọ́n fẹ́ tìtorí rẹ̀ dá a padà sílé ni ẹ̀ ń wá kiri báyìí.