Balùwẹ̀ Tí Kò Nílẹ̀kùn

Ọdún mẹ́ta ni obìnrin ayàwòrán-ilé kan fi bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń pè ní Ẹ̀gbọ́n ṣiṣẹ́ láìfojú kàn án rí. Orí kọ̀ǹpútà ni ọ́fíìsì wọn wà; tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá, lórí tábìlì tí ọkọ rẹ̀ fi ń lọ aṣọ tẹ́lẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: àwòrán kankan kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ oníbàárà láìjẹ́ pé ẹnìkejì yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́dún àkọ́kọ́, kálukú tún ń yẹ àyẹ̀wò ẹnìkejì wò. Ìgbà tí Ẹ̀gbọ́n rí àtẹ̀gùn tí obìnrin náà gbé sódì, tó sọ fún un ní bòńkẹ́lẹ́, ni ọkàn obìnrin náà balẹ̀. Láti ìgbà náà, "Ó dáa" ni wọ́n ń kọ síra wọn, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn.

Àfi bí Ẹ̀gbọ́n ṣe sọ nípàdé oṣù tó kọjá pé òun nìkan ló ya ilé-ìwé tí obìnrin yìí fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yà. Etí ara rẹ̀ ló fi gbọ́ ọ. Inú ń bí i débi pé kò lè jẹun.

Lọ́jọ́ Ajé, àwòrán Ẹ̀gbọ́n dé fún àyẹ̀wò, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó rẹwà. Balùwẹ̀ òkè ní fèrèsé, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, kò sí ilẹ̀kùn. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n: "Ó dáa."

Lọ́jọ́rú, níwájú èèyàn mẹ́fà, oníbàárà béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ibo la máa gbà wọlé wẹ̀? Àbí ojú fèrèsé ni?" Ẹ̀rín sọ. Ẹ̀gbọ́n ń kólòlò. Ó dùn mọ́ obìnrin náà dénú egungun.

Ẹ̀gbọ́n pè é lẹ́yìn ìpàdé. "Àbúrò, ṣé ara rẹ yá? O kì í fojú fo irú èyí."

"Ara mi le, sà. Mo rí i. Mo fi sílẹ̀ ni, kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n dójú tini. Ẹ ṣì rántí ilé-ìwé yẹn?"

Ẹ̀gbọ́n ní, "Mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ta ló máa wá bá wa yẹ iṣẹ́ wò báyìí?"

"Kálukú á yẹ tirẹ̀ wò." Ó pa fóònù. Kò kábàámọ̀.

Àwòrán ilé ìwòsàn tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ yà gbọ́dọ̀ lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò rí àléébù kankan. Síbẹ̀ kò lè fi í ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n náà kò kúkú rí àléébù kankan nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tirẹ̀.